Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Ohun Tí Ojú Ń Rí, Ohun Tí Ẹnu Ń Jẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá tilẹ̀ rin oko bàbá tirẹ̀ já ńkọ́? Àlejò ni yóò máa júwe rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Púpọ̀ nínú wa lè ka orúkọ àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù àti ti Párìsì lórí, bẹ́ẹ̀ ni a ti wọ ọkọ̀ kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ìgbà àìmọye, tí a kò yà ju ibi tí a ti ń ra gààrí lọ.

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ará oko kì í fi ohun ìní wọn ṣeré. Láti 1935 ni òfin ti wà níbẹ̀ tí ń ṣọ́ orúkọ wáìnì agbègbè kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá gbin èso àjàrà rẹ̀ sí ilẹ̀ Champagne kò gbọdọ̀ pe wáìnì rẹ̀ ní Champagne. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀, ìtàn àti oúnjẹ kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Àlejò tí ó bá lọ jẹun níbẹ̀ yóò rí odi àtijọ́, yóò sì rìn nínú igbó. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi rin ilẹ̀ Ìjẹ̀bú bẹ́ẹ̀, nítorí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Mo sì fẹ́ fi hàn yín pé bí a kò bá tètè ṣe nǹkan, díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Bí ilẹ̀ náà ti rí

Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976 ni Ìjẹ̀bú-Òde ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà ìjọba kọ́ ni ààlà Ìjẹ̀bú. Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ́ẹ̀ ni okùn tí ó so wọ́n mọ́ Ìjẹ̀bú kò já.

Bí a bá ti ìhà àríwá wá, láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Orù, ilẹ̀ igbó ni a ó bá: kòkó, obì, ọ̀pẹ àti àwọn igi ńláńlá. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù ni ilẹ̀ ń rọ̀, tí yanrìn ń pọ̀, tí àbàtà àti igi ògùrọ̀ ń yọjú, títí a ó fi dé etí ọ̀sà ní ìhà Ìwọ́pin àti Ẹ̀pẹ́. Odò Ọ̀ṣun, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Òṣogbo, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó gbà kọjá kí ó tó wọ ọ̀sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí igbó, ilẹ̀ yanrìn àti omi ọ̀sà ni wọ́n jọ ń dáná nínú ìkòkò Ìjẹ̀bú, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ní ìhà ìlà-oòrùn ni igbó Ọmọ wà, igbó ọba tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925. Títóbi rẹ̀ tó hẹ́kítà 130,500. Ní 1977, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bá wa ṣọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé erin ti tán ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ sọ fún un pé ó kù níbẹ̀, erin igbó tí kò ga tó ti ọ̀dàn, tí ó sì ń sá fún ènìyàn. Àwọn agégi àti àwọn tí ń dá oko kòkó sínú igbó náà ni wọ́n ń fún un mọ́ra. Igi tí a bá gé ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ wa lè dàgbà kí irú rẹ̀ tó tún dúró níbẹ̀.

Erédò Sùngbọ́

Bí a bá ní kí á mú ohun kan ṣoṣo tí Ìjẹ̀bú fi lè bá gbogbo ayé dúró, Erédò ni èmi yóò mú. Erédò kì í ṣe odi bíríkì. Yàrà ni, tí àwọn baba wa gbẹ́ wọnú ilẹ̀ pupa, tí wọ́n sì kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi di òkìtì gíga. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì, àwọn ibì kan wà tí ó tó mítà 20, ìyẹn ni pé bí a bá kọ́ ilé alájà mẹ́fà sínú rẹ̀, òrùlé rẹ̀ ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orí òkìtì dọ́gba. Ó yí Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìletò rẹ̀ ká ní ìwọ̀n kìlómítà 160. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí kò sí katakata nígbà náà.

Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ nígbà òjò yóò rí ohun àrà. Ògiri rẹ̀ tutù, ewédò bò ó, àwọn igi tí ó hù sí etí méjèèjì sì fi orí kanra lókè, tí ó fi jẹ́ pé bí òòrùn bá tilẹ̀ mú bí iná lóde, ibẹ̀ yóò ṣú dùdù. Mo ti dúró níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan tí n kò gbọ́ ju ìró ẹyẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀nà ọlọ́dà kò jìnnà.

Ta ni ó gbẹ́ ẹ? Ìtàn àwọn àgbà ni pé obìnrin ọlọ́lá kan tí kò bímọ, Bílíkísù Sùngbọ́, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́. Ojúbọ rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí títí di òní, àwọn ènìyàn sì máa ń wá ibẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe. Àwọn kan ní òun gan-an ni Ayaba Ṣébà tí ó lọ kí Sólómọ́nì Ọba. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó yẹ kí á fi ọgbọ́n wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà ayé Sólómọ́nì ti tó bí ọdún 3,000 sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wa ilẹ̀ ní Erédò láìpẹ́ yìí sọ pé bí ọdún 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, àwọn tí ó ṣáájú wọn sì ti rò pé ó tó ọdún 1,000. Èyíówù kí á gbà nínú méjèèjì, kò tíì dé ìgbà Sólómọ́nì. Ṣùgbọ́n kí á má torí èyí fi ìtàn àwọn àgbà ṣẹ̀sín. Ohun tí ìtàn náà ń sọ fún wa ni pé obìnrin kan ní ọlá àti àṣẹ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí tí gbogbo ìlú fi gbà pé òun ni ó lè ṣe iṣẹ́ ńlá náà. Ẹ̀kọ́ ni ìyẹn pẹ̀lú. Erédò kò sì nílò Sólómọ́nì kí ó tó níyì. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ni, ìyẹn sì tó.

Ní 1959 ni P. C. Lloyd kọ̀wé lórí rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Odù. Ní àwọn ọdún 1990 ni Patrick Darling rìn ín, tí ó sì wọ̀n ọ́n. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ Erédò sínú ìwé àwọn ohun tí ó fẹ́ kí UNESCO gbà sí àjogúnbá gbogbo ayé. Sukur ti wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005, Erédò sì wà lẹ́nu ọ̀nà títí ọdún 2025 fi dé. Kí a tó rí ẹni ṣílẹ̀kùn, àwọn kan ń wa erùpẹ̀ òkìtì rẹ̀ fi kọ́lé, àwọn kan ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, wọ́n sì ti la ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá ní ibi púpọ̀. Yorùbá ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Onírèsé tí ó pa òwe yẹn kò tíì rí katakata ni.

Bodè, ọjà àti ogun ọdún 1892

Kí ni wọ́n fi yàrà ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹni tí ó bá wo ibi tí Ìjẹ̀bú wà yóò lóye rẹ̀. Ọ̀sà wà ní gúúsù, ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé ọjà wọn wá. Ìbàdàn àti àwọn ìlú òkè wà ní àríwá. Àárín wọn ni Ìjẹ̀bú jókòó sí. Ẹni tí ó bá ní ọ̀nà ni ó ní owó, ẹni tí ó sì ní bodè ni ó ní ọ̀nà. Ọjà Ẹ̀jìnrìn ni ibi tí ará odò àti ará òkè ti ń pàdé, àwọn Ìjẹ̀bú sì ni alárinà.

Kì í ṣe àná ni ayé ti mọ̀ wọ́n. Ní nǹkan bí 1505 sí 1508, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tí yàrà ńlá yí ká, tí ó pè ní Geebuu. Aṣọ Ìjẹ̀bú pàápàá ti rékọjá òkun dé Bùràsíìlì ní ayé àtijọ́. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun aṣọ ọlọ́nà, tí àwọn olóyè Òṣùgbó ń lò, tí a sì ń fi ìtagbè rẹ̀ sí èjìká láti fi ipò hàn.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó fẹ́ kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún òwò àti fún àwọn oníwàásù, Ìjẹ̀bú kò gbà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ní ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, Gómìnà Carter rán àwọn ọmọ ogun lọ, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott sì ni olórí wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú kọjú sí wọn ní odò Yemoji àti ní Ìmágbọ̀n. Wọ́n jà bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim tí ń yìn láìdáwọ́dúró wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ìjẹ̀bú ṣubú. Èyí yẹ kí ó yé àwa ọmọ ìwé: ọ̀nà tí a ń fi ọkọ̀ sáré gbà lónìí, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i.

Ojúde Ọba àti Agẹmọ

Lẹ́yìn ogun náà ni ẹ̀sìn tuntun wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wéréwéré. Balógun Kúkù, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tí ó lágbára jù, di Mùsùlùmí ní 1902. Àwọn Mùsùlùmí a sì máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá nítorí àyè tí ó fún wọn láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ìyẹn ni ó di Ojúde Ọba, tí a ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì sì jọ ń wá báyìí. Àwọn ọmọ ìdílé àwọn Balógun a gun ẹṣin, wọn a yìnbọn. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí a bí ní àsìkò kan náà, bíi Gbọ́baníyì, Bọ́bagbìmọ̀ àti Bọ́bakẹ́yẹ, a wọ aṣọ kan náà, wọn a jó lọ síwájú ọba. Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó jẹ láti 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ni ó sọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí jí. Ní 2024, àwòrán Ojúde Ọba tàn ká gbogbo ayé.

Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni Ojúde Ọba, ọjọ́ 364 ni ó kù nínú ọdún. Àlejò ń wá láàárọ̀, ó ń ya àwòrán, ó sì ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ láìdé Òkè-Ẹ̀rí, láìjẹ ìkọ́kọrẹ́. Kò sì gbọ́ nípa Agẹmọ rárá, bẹ́ẹ̀ ni Agẹmọ ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹṣin tó jó níwájú Awùjalẹ̀. Àwọn Alágẹmọ 16 a ti ìlú wọn gbéra, wọn a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìmọ̀sàn. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí ẹrù wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní àsìkò náà, kí ó kọ́kọ́ bi onílé léèrè ohun tí ó yẹ àti ohun tí kò yẹ. Àlejò tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ohun tí ẹnu ń jẹ

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ibi tí ebi ti ń pa ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú ni ọba gbogbo gààrí. Pákí, tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀gẹ́ tàbí gbágùúdá, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Àwọn Pọtogí ni wọ́n gbé e wá láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Ó sì ní oró nínú. Ọgbọ́n tí a fi ń mú oró náà kúrò gan-an ni ó ń sọ ọ́ di gààrí. A ó bẹ ẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín. Rírin yìí ni ó ń tú oró náà sílẹ̀ lára pákí. A ó kó o sínú àpò, a ó gbé ohun wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Nínú àpò yẹn ni yóò wà fún ọjọ́ mélòó kan tí yóò máa kan. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, tí a ó sì yan án nínú agbada lórí iná, tí oró tí ó kù yóò bá ooru lọ.

Ohun tí ó mú ti Ìjẹ̀bú yàtọ̀ ni sùúrù. Àwọn kan a rin pákí lónìí, wọn a yan án lọ́la. Ìyá kan tí ó ń yan gààrí ṣàlàyé fún mi pé òun kì í tú àpò kí ó tó pé ọjọ́ márùn-ún, nígbà mìíràn a tó ọ̀sẹ̀ kan. Kò sì fi epo sí i. Ìdí nìyí tí gààrí náà fi ń funfun, tí ó kúnná, tí ó gbẹ, tí ó sì kan lẹ́nu. Bí a bá da omi tútù sí i, tí a fi ẹja díndín tàbí ẹ̀pà sí i, tálákà yóò rò pé òun ti lówó. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni kò mọ èyí?

Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà ní ìlú mìíràn, ẹ ní kí wọ́n wọn gààrí Ìjẹ̀bú fún yín. Èmi ti rà á rí tí kò kan rárá. Orúkọ Ìjẹ̀bú ni ó rà, kì í ṣe àpò ọlọ́jọ́ márùn-ún. Kì í ṣe adùn nìkan ni a ń pàdánù. Pákí tí wọ́n fi ìkánjú ṣe lè gbé oró wọ inú ènìyàn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ìkọ́kọrẹ́ ni èkejì. Ẹ rántí igbó, yanrìn àti ọ̀sà. Ewùrà ń ṣe dáadáa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ pọ̀, kò ṣe é gún bí iṣu gidi. Àwọn ìyá wa kò jù ú nù. Wọ́n rin ín, wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n sì po ó pọ̀. Wọn a gbé ata, àlùbọ́sà, epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ kaná. Bí ó bá ń hó, wọn a máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní kéékèèké. Wọn kì í rò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn a dé e, wọn a dín iná kù, títí yóò fi le díẹ̀, kí wọ́n tó fi ọmọrogùn rò ó jẹ́jẹ́, kí àwọn kókó rẹ̀ má baà fọ́ tán. Epo ti igbó wá, ewùrà ti oko wá, ẹja ti ọ̀sà wá. Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú a fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ tọ́ ọ wò ná. Ewùrà kan náà ni wọ́n fi ń dín ọ̀jọ̀jọ̀. Ní ti kókò, wọ́n a rin òun náà, wọn a pọ́n ọn sínú ewé, wọn a sè é, ó di ẹ̀bìrìpò, tí àwọn Rẹ́mọ náà fẹ́ràn púpọ̀.

Nínú ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ wa, mélòó ni ó lè se ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá àgbà yóò jẹ tán? N kò ní dáhùn. Ẹ dáhùn fúnra yín.

Kí ni kí á ṣe?

Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa máa rin Erédò lọ́dọọdún. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wa lè sọ ibi tí ènìyàn dúró lórí ilẹ̀ gan-an. Bí a bá fi ya àwòrán, tí a kọ ibi tí òkìtì ṣì dúró àti ibi tí wọ́n ti wà á lọ sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ni yóò jẹ́ níwájú ìjọba ìbílẹ̀ àti níwájú àwọn ọba. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó ní kò lè mọ ohun tí wọ́n jí.

Èkejì, kí olúkúlùkù wa jókòó ti ìyá àgbà kan, kí ó gbọ́ bí wọ́n ti ń se oúnjẹ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Ìjẹ̀bú gan-an, bí ìyá náà ti sọ ọ́. Oúnjẹ àti èdè jọ ń kú ni.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin láàárín wa wo bí a ṣe lè dáàbò bo orúkọ gààrí Ìjẹ̀bú bí àwọn Faransé ti dáàbò bo wáìnì wọn. Ìyá tí ó ní sùúrù ọjọ́ márùn-ún yẹ kí ó gba owó sùúrù rẹ̀, kí aláìnísùúrù má sì máa jẹ èrè orúkọ rẹ̀.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀ṣun kò tíì gbẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ, òkìtì Erédò ṣì ga ju ilé lọ ní ibi tí a kò tíì fọwọ́ kàn án. Ìyókù dọwọ́ àwa tí a ń ka ìwé yìí. Kí Elédùmarè má jẹ̀ẹ́ kí ó bàjẹ́ lójú wa. Àṣẹ.